Nọ́ńbà ara bọ́tìnì fíríìjì yín kọ́ ni ìwọ̀n òtútù rẹ̀

Ẹ ṣí fíríìjì yín wò. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bọ́tìnì kékeré kan wà tí à ń yí, tí wọ́n kọ 1 títí dé 5, tàbí 1 títí dé 7, sí lára. Àwọn kan gbà pé bí àwọn bá ti yí i sí 4, ìwọ̀n 4 tí àwọn elétò ìlera ní kó wà nínú fíríìjì nìyẹn. Àwọn mìíràn rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni òtútù ṣe máa pọ̀ tó, wọ́n á wá yí i sí 1 nígbà tí ooru bá mú. Lára ọ̀pọ̀ fíríìjì, òdìkejì gan-an lọ̀rọ̀ náà: 1 ni kó má fi bẹ́ẹ̀ tutù, nọ́ńbà tó ga jù ni kó tutù jù. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìwọ̀n ohunkóhun. Ó kàn ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ tàbí kó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ni.

Èmi náà kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Fíríìjì ilé wa tutù lọ́wọ́, omi inú rẹ̀ tutù lẹ́nu, ọkàn mi sì balẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ra tẹmómítà kékeré, mo gbé e sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n 9 ni mo bá lára rẹ̀ láàárọ̀. Ọwọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín 4 àti 9, ẹnu náà kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú oúnjẹ ló mọ̀ ọ́n.

## Èwo ni òtútù tó tó?

Nínú fíríìjì, ìwọ̀n 4 ti Celsius (4°C) tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Nínú firísà, ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo, tí wọ́n ń kọ báyìí: -18°C.

Celsius ni òṣùwọ̀n tí omi ti ń di yìnyín ní 0, tó sì ń hó ní 100. Òṣùwọ̀n kejì wà tó ń jẹ́ Fahrenheit, tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Lórí tiẹ̀, 32 ni omi ti ń di yìnyín, 212 ló ti ń hó. Ibí yìí ni nǹkan ti ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Tẹmómítà tó bá fi 40°F hàn nínú fíríìjì kò sọ ohun tó burú, nítorí 40°F àti 4°C fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Firísà tó bá wà ní 0°F wà níbi tó yẹ, nítorí -18°C náà ni. Ṣùgbọ́n firísà tó bá wà ní 0°C kò tíì ṣe iṣẹ́ firísà rárá. Kí ẹ tó ka nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá C ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí F.

Ẹ tún lè ti gbọ́ pé 5 ni, kì í ṣe 4. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé kí oúnjẹ wà ní ìsàlẹ̀ 5°C. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fẹnu kò sí 5 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i. Ti Amẹ́ríkà sọ 4. Wọn kò takora. Gbogbo wọn ń sọ ibi tí ìgbóná inú fíríìjì kò gbọdọ̀ kọjá ni, wọn kò sọ pé kí a jókòó síbẹ̀. Ní tèmi, 3 ni kí ẹ máa lé, kí ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì lè rí àyè díẹ̀ tí kò ní gbé yín kọjá 4. Bó bá wá rẹlẹ̀ dé 0, ẹ̀fọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í di yìnyín, á sì rọ.

## Kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí òtútù kò bá tó?

Inú oúnjẹ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé. Wọ́n wà lára ẹran tútù, wọ́n wà lọ́wọ́ ẹni tó sè é, wọ́n wà lára ṣíbí. Ìwọ̀nba díẹ̀ wọn kì í sábà ṣe ìlera ní nǹkan púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá di ogunlọ́gọ̀ ni wàhálà dé.

Láàárín 4°C àti 60°C ni ara wọn ti ń yá. Bí oúnjẹ bá wà níbi tó tù wọ́n lára, àwọn mìíràn nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú péré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹyọ kan di 8 ní wákàtí kan. Ó di 64 ní wákàtí méjì, ó di 512 ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀ lálẹ́, ẹ sùn fún wákàtí méje, ẹyọ kan yẹn ti lé ní mílíọ̀nù méjì kí ẹ tó jí. Bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ lọ sùn.

Òtútù kì í pa wọ́n. Ó kàn ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ ni. Kódà òtútù firísà, tó dá wọn dúró pátápátá, kò pa ọ̀pọ̀ wọn. Bí yìnyín bá ti yọ́ kúrò lára ẹran, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn níbi tí wọ́n fi í sí.

Èyí tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù ni òórùn. Kòkòrò tó ń mú kí oúnjẹ rùn, kó kan, kó yọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èébì àti ibà, ọ̀tọ̀ ni. Ti àkọ́kọ́ máa ń kìlọ̀ fún wa, ti kejì kì í sọ nǹkan kan. Oúnjẹ tí Salmonella, ọ̀kan lára irú kejì yìí, kún inú rẹ̀ lè máa ta sánsán, kó sì dùn lẹ́nu. Nítorí náà, kí a gbé ìkòkò sún mọ́ imú kì í ṣe àyẹ̀wò. Kí a tọ́ ọ wò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí à ń wá gan-an la ti gbé mì yẹn.

Àwọn kan á sọ pé, “Ṣebí màá tún un gbé kaná, kòkòrò á kú.” Ó lè kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn máa ń tu májèlé sínú oúnjẹ kí wọ́n tó kú, iná ìdáná kì í sì í ran irú májèlé bẹ́ẹ̀. Staphylococcus ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bacillus cereus náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú ìrẹsì tí a sè tí a sì gbé sílẹ̀ láìtutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ lè sè é títí kó tún hó, májèlé náà á ṣì wà níbẹ̀.

Kòkòrò kan tún wà tó yàtọ̀ sí gbogbo wọn, Listeria. Òun ń dàgbà nínú fíríìjì, ó kàn jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Bí fíríìjì bá ṣe sún mọ́ 0 tó ni yóò ṣe falẹ̀ tó. Ó lè mú kí oyún bàjẹ́ lára aboyún, bí ìyá fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣàìsàn tó hàn sí ojú. Ilé tí aboyún wà, tàbí arúgbó, tàbí ọmọ jòjòló, tàbí ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, ìyàtọ̀ láàárín 4 àti 9 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀.

## Báwo ni fíríìjì ṣe ń tutù gan-an?

Fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru ló ń kó jáde. Ẹ rántí bí ojú ibi tí wọ́n fi spírítì nù lápá wa kí wọ́n tó gún wa lábẹ́rẹ́ ṣe máa ń tutù. Spírítì yẹn ń gbẹ lọ, ó sì ń gbé ooru ara wa lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù fíríìjì nìyẹn. Nǹkan olómi kan ń di gáàsì nínú páìpù tó wà lápá inú, ó ń fa ooru oúnjẹ mọ́ra. Ẹ̀rọ tó ń kùn lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, á wá fún gáàsì náà pọ̀, á tì í sínú páìpù ẹ̀yìn, ooru á jáde níbẹ̀, gáàsì á tún padà di olómi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fíríìjì fi máa ń gbóná. Ooru oúnjẹ yín ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Ẹ wá fi í wé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò, tó ń fi igbá gbọ́n omi jáde. Bí ohun tó ń wọlé kò bá tó ohun tó ń gbọ́n jáde, ọkọ̀ á léfòó. Bí ihò bá fẹ̀ sí i, ẹni náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n omi á borí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí à ń ṣí ṣáá, ihò ni. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tó ti gbẹ tó ti sán, ihò ni. Bí ẹ bá sún fíríìjì mọ́ ògiri gbágbágbá, tàbí tí ẹ jẹ́ kí eruku bo páìpù ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ti so ọwọ́ ẹni tó ń gbọ́n omi nìyẹn, nítorí ooru kò ríbi jáde sí.

Ooru yàrá náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú tàbí ẹ̀yìn fíríìjì, ẹ lè rí lẹ́tà SN, N, ST tàbí T. Wọ́n ń sọ irú yàrá tí wọ́n ṣe é fún. SN wà fún yàrá tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 10°C àti 32°C, N fún 16 sí 32, ST fún 16 sí 38, T fún 16 sí 43. Fíríìjì tó jẹ́ N nínú yàrá tó ń gbóná dé 37 lè máa ṣiṣẹ́ láìsinmi kó má sì dé 4 láé. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ibi tí wọ́n kò ṣe é fún ni wọ́n gbé e sí. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo lẹ́tà yìí kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀.

## Báwo ni mo ṣe lè wọn tèmi?

Ẹ wá tẹmómítà fíríìjì, èyí tó kéré tí kò gba àyè. Ẹ bu omi sínú ife kan, ẹ ki tẹmómítà náà bọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí àárín fíríìjì, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fíríìjì láàárọ̀ ni kí ẹ kà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú omi? Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, afẹ́fẹ́ tútù á dà jáde, tẹmómítà tó wà nínú afẹ́fẹ́ lásán á sáré gòkè, á sì tún sáré sọ̀ kalẹ̀. Omi kì í tètè yí padà. Bí omi inú ife yẹn bá ṣe rí ni ọbẹ̀ àti wàrà yín ṣe rí. Ní ti firísà, ẹ kì í ki í bọ omi. Ẹ fi í sáàárín àwọn nǹkan tó ti dì.

Bó bá kọjá 4, ẹ yí bọ́tìnì ní ìgbésẹ̀ kan péré, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un wọ̀n. Ẹni tó bá yí i dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà á bá ẹ̀fọ́ tó ti dì láàárọ̀. Bí fíríìjì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń kọ ìwọ̀n òtútù síta fúnra rẹ̀, ẹ ṣì wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà ìta yẹn lè jẹ́ ohun tí ẹ ní kó ṣe, kó má jẹ́ ohun tó ti ṣe.

## Ṣé ibi gbogbo nínú rẹ̀ ló tutù bákan náà?

Rárá. Ẹnu ilẹ̀kùn ló gbóná jù, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń ṣe àyè ẹyin àti àyè wàrà sí, ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rí. Omi, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bọ́tà àti àwọn nǹkan oníyọ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ gbé wàrà àti ẹyin wọ inú. Ẹran tútù àti ẹja tútù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni, nínú abọ́ tó ní ọmọrí, kí omi ara wọn má bàa kán sórí ohun tí a kò ní sè mọ́ kí a tó jẹ ẹ́. Ẹ má há nǹkan mọ́ ara wọn. Afẹ́fẹ́ tútù ní láti rìn. Firísà nìkan ni kíkún yẹ, nítorí ohun tó ti dì ń mú kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa dì nìṣó.

## Ṣé dandan ni kí oúnjẹ tutù kí n tó gbé e wọ fíríìjì?

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ pé oúnjẹ gbígbóná á ba fíríìjì jẹ́. Àwọn tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀ kò purọ́ tán, nítorí odindi ìkòkò tó ń hó á mú kí inú fíríìjì gbóná, á sì ṣe àkóbá fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe dípò rẹ̀, kí ìkòkò wà lórí tábìlì láti ọ̀sán di alẹ́, ló léwu jù.

Wákàtí méjì ni oúnjẹ tó lè bàjẹ́ lè lò níta. Bí ìgbóná ibẹ̀ bá ju 32°C lọ, wákàtí kan péré ni. Kí ẹ lè bá àkókò yìí, ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá. Àárín ìkòkò ńlá lè ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí nínú fíríìjì, kí etí rẹ̀ sì ti tutù. Ẹ bù ú sínú àwọn abọ́ tí kò jìn, kí oúnjẹ inú wọn má ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ ní jíjìn. Bí ẹ bá gbé abọ́ náà sínú omi tútù, tí ẹ ń rò ó, yóò yára sí i. Tí kò bá ti hó mọ́, tó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ gbé e wọlé. Fíríìjì á kápá rẹ̀.

## Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ẹ má ṣí i. Fíríìjì tí a kò ṣí máa mú òtútù rẹ̀ dúró fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Firísà tó kún á dúró fún nǹkan bí wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á dúró fún nǹkan bí 24. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i “láti wò ó bóyá ó ṣì tutù” la ń gé nínú wákàtí yẹn.

Bí iná bá ti lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ, tí kò sí yìnyín tí ẹ kó sínú fíríìjì, ẹran, ẹja, wàrà, ẹyin àti oúnjẹ sísè kò ṣe é jẹ mọ́. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti da oúnjẹ nù, pàápàá oúnjẹ tí a fi owó àti òógùn rà. Síbẹ̀, ẹ dà á nù. Bọ́tà, wàràkàṣì líle àti èso tí a kò tíì gé lè dúró. Ní ti firísà, ohunkóhun tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, tàbí tí tẹmómítà fi hàn pé kò kọjá 4°C, ẹ lè jẹ́ kó tún dì padà. Kò ní dùn tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣe yín ní nǹkan.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá iná lọ lẹ́yìn yín? Ẹ jẹ́ kí omi dì nínú ife nínú firísà, ẹ wá gbé owó ẹyọ kan lé orí yìnyín náà kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá dé tí owó náà ṣì wà lókè, kò sí ohun tó yọ́. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ ife, gbogbo yìnyín yẹn yọ́ kó tó tún dì, oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì yọ́.

## Ọjọ́ mélòó ni oúnjẹ lè lò níbẹ̀?

Pẹ̀lú 4°C: oúnjẹ sísè, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Adìyẹ tútù, ẹja tútù àti ẹran lílọ̀, ọjọ́ kan sí méjì. Ẹran màlúù tí wọ́n gé lásán, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Fíríìjì tó wà ní 9 kò lè dé àwọn ọjọ́ yìí. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ ẹ́ tán, ẹ tètè gbé e sí firísà, ẹ má dúró di ọjọ́ tó máa bàjẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹran tó ti dì yọ́, inú fíríìjì ni kó ti yọ́, kì í ṣe orí tábìlì. Lórí tábìlì, ara rẹ̀ á ti lọ́wọ́ọ́wọ́ kí àárín rẹ̀ tó rọ̀. Bí ó bá kán yín lójú, ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa, ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sè é lójú ẹsẹ̀.

## Bí mo bá yí bọ́tìnì tó sì kọ̀ láti dé 4 ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ gbá eruku ara páìpù, ẹ sún un kúrò lára ògiri. Bí yìnyín inú firísà bá ti nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ jẹ́ kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un, nítorí páìpù wà lábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kan, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ rọra fà á. Ó yẹ kí rọ́bà dì í mú díẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí ilẹ̀kùn ká, lókè, nísàlẹ̀, àti lápá ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó máa ń wò ó. Ibẹ̀ ni bébà ti yọ wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo bá ìwọ̀n 9. Rọ́bà náà ti sán láti ìgbà tí n kò mọ̀. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí kan, n kò sì fọwọ́ kan bọ́tìnì rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 3 ni tẹmómítà inú ife omi náà kọ.